Orúkọ Ilé-ẹ̀kọ́ àti Ọmọ Tí A Fi Síbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní ọ̀sẹ̀ Júbílì ìjọ wa

 

Wọ́n ní kí a wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gbòòrò, a kò sì lè sọ ọ́ tán ní ìjókòó kan. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a mú dání wá: ipò tí ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nínú èsì ìdánwò, àti òkìkí tí orúkọ rẹ̀ ní káàkiri ìlú, ǹjẹ́ ó tó ohun tí òbí ń torí rẹ̀ ta ilẹ̀?

Ohun méjì ló mú wa yan ìbéèrè yìí. Èkíní ni pé lọ́dọọdún, bí èsì CEP àti ti BEPC bá ti jáde, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà Kútọnu àti Àjàṣẹ́, a ó máa wá àyè fún ọmọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé tí aráyé ń dárúkọ. Ọmọ ọdún 11 tàbí 12 ni yóò gbé àpótí irin, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpò gaàrí, yóò sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Èkejì ni ọ̀rọ̀ kan tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ nínú ìjọ wa. Àwọn kan ń dá a lábàá pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa náà máa yọ àwọn ọmọ tí kò já fáfá kúrò kí wọ́n tó dé kíláàsì ìdánwò, kí orúkọ wa lè gòkè láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní èrò búburú lọ́kàn; ó fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa níyì. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe ìpinnu, ó yẹ kí a mọ ohun tí ipò náà ń wọ̀n.

1. Ohun tí ipò ń wọ̀n, àti ohun tí kò wọ̀n

Bí èsì BEPC tàbí ti BAC bá jáde, àwọn ènìyàn a ka iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kan fi sílẹ̀ fún ìdánwò, wọn a ka iye tó yege, wọn a sì wo iye tó jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ tí iye tirẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó wà níbẹ̀ kéré sí èyí tí àwa rò pé a gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì wà, tí ìkọ̀ọ̀kan gba ọmọ 100 sí ọdún àkọ́kọ́ kọ̀lẹ́ẹ̀jì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kìíní, ọmọ tó bá ti fìdí rẹmi, wọn a ní kí bàbá rẹ̀ wá mú un lọ. Nígbà tí ọdún BAC pé, ọmọ 40 ló ṣẹ́kù. 38 nínú wọn yege. Ìyẹn jẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì, wọn kì í lé ọmọ. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọn a jẹ́ kó tún kíláàsì ṣe, olùkọ́ a sì jókòó tì í. Ọmọ 90 dé ibi ìdánwò; 63 yege. Ìyẹn jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìlú yóò yin ilé-ẹ̀kọ́ kìíní, wọn yóò sì ní ti èkejì kò dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a tún un kà, kí a kà á láti ẹnu ọ̀nà tí ọmọ gbà wọlé. Nínú ìyá 100 tó mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kìíní, 38 ni inú wọn dùn lọ́jọ́ èsì. Nínú ìyá 100 tó mú ọmọ lọ sí èkejì, 63 ni inú wọn dùn. Ọmọ 60 tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kìíní lójú ọ̀nà ńkọ́? Ìwé ipò kò dárúkọ wọn. Wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú ìwé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó lókìkí a máa ṣe ìdánwò àbáwọlé, wọn a sì mú kìkì àwọn ọmọ tó ti ń ṣe dáadáa níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, nítorí àyè wọn kò tó gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra iṣu tó ti jinná kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ló sè é. Kí a tó yin ilé-ẹ̀kọ́ fún ibi tí ọmọ dé, ó yẹ kí a bèèrè ibi tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa.

Ní ilẹ̀ Faransé, tí àwa ti gba ètò ìdánwò tí a ń lò, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ níbẹ̀ rí àléébù yìí. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gbé ìṣirò mìíràn jáde lórí àwọn lísè wọn. Wọn kì í wo iye tó yege nìkan. Wọ́n ń wo irú àwọn ọmọ tí lísè náà gbà, wọ́n ń ṣírò iye tó yẹ kó yege nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bóyá lísè náà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń wo iye ọmọ tó wọlé tí wọn kò lé lọ, tí wọ́n mú dé BAC. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wò ó, lísè kan tí kò lórúkọ lè borí èyí tí gbogbo ènìyàn ń forí balẹ̀ fún.

2. Ọmọ tó jókòó láàárín àwọn olóye ńkọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé: “Àwa gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ń gbé láàárín àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé, òun náà yóò dà bí wọn.” Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni. Àwọn Yorùbá mọ̀ pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. A sì lè rò pé ẹni tó bá bá ọlọ́gbọ́n rìn yóò gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n rí.

Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan wà tí wọ́n ń pè ní ti orílẹ̀-èdè. Onílé-gbígbé ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì lókìkí jù lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí tí a fẹ́ sọ yìí, iye àmì tí ọmọ gbà nínú ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ síbẹ̀. Ààlà gbọ́dọ̀ wà: ọmọ kan fi àmì díẹ̀ wọlé, òmíràn fi àmì díẹ̀ pàdánù. Ọpọlọ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn olùwádìí méjì, Adrienne Lucas àti Isaac Mbiti, fi àwọn tó wà lókè ààlà díẹ̀ wé àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, títí dé ìdánwò àṣejáde girama. Wọ́n tẹ àbájáde wọn ní ọdún 2014. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí jókòó ti àwọn ọmọ tó já fáfá ju ti àwọn yòókù lọ, wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé àmì ìdánwò wọn ga ju ti àwọn tí kò rí àyè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2014 kan náà ni àwọn olùwádìí mẹ́ta tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tó lókìkí ní Boston àti New York, ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ìdánwò wọ̀. Ohun tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Kẹ́ńyà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ tọ̀tún-tòsì. Ní erékùṣù Trinidad àti Tobago, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kirabo Jackson tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Òun rí i pé àwọn ọmọ tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ já fáfá jàǹfààní níbẹ̀ ní tòótọ́, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Nítorí náà, a kò sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ ìṣirò fún oṣù mẹ́fà kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó ní i. Ohun tí a ń sọ ni pé orúkọ nìkan kò gbé ọmọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà náà ló ń gbé e, iṣẹ́ náà ni ó sì yẹ kí a lọ fi ojú ara wa wò.

3. Ohun tí òkìkí ń fúnni

A kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun rere. Ilé-ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé tó dára ní èrè tirẹ̀. Iná wà níbẹ̀ lálẹ́, ọmọ a sì rí ìwé kà. Kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pọn omi, kó máa kiri ọjà kó tó lọ sí kíláàsì. Aago ń lù, ó ń dìde, ó ń gbàdúrà, ó ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ó ń kọ́ láti bá ọmọ Barìbá, ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Gùn gbé láìjà. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ní ìgbà èwe lè wá di ọ̀rẹ́ tí yóò dìde fún un lọ́jọ́ ogbó. Gbogbo èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ta ni èrè náà wá tó jù? Ní ọdún 2002, Stacy Dale àti Alan Krueger tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé, láàárín àwọn tí àmì wọn jọra tí wọ́n sì kọ ìwé ìbéèrè sí irú ibì kan náà, ẹni tó lọ sí yunifásítì tó ṣòro jù láti wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba owó iṣẹ́ ju ẹni tó lọ sí òmíràn. Àwọn ọmọ ilé tálákà nìkan ni èrè náà hàn lára wọn kedere. Ó sì yé ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àgbà ti ní ìwé nílé, ó ti ní ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ tí kò sí ẹni tó ti rí BAC rí nínú ìdílé rẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí ayé fún.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò láàárín wa. Àwọn tó nílò òkìkí náà jù ni owó rẹ̀ kò ká, àwọn tí kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rà á. Ní ọdún 1977, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Póòpù tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ kọ ìwé lórí ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì, wọ́n rán gbogbo Ìjọ létí pé àwọn tálákà ni iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wa wà fún kí ó tó kan ẹlòmíràn. Bí ọlọ́rọ̀ kan nínú wa bá fẹ́ fi owó rẹ̀ yin Ọlọ́run ní ọdún Júbílì yìí, kí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ opó kan títí dé òpin.

4. Iye tí ó ń ná wa

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe àtàtà ni. Ṣùgbọ́n ní ayé ìsinsìnyí, àwọn òbí mìíràn ń ta ilé náà fúnra wọn kí ọmọ kan lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó lórúkọ. Àwọn mìíràn ń yá owó èlé lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Bí ọmọ bá mẹ́rin nínú ilé, tí gbogbo owó ilé sì bá ti ọ̀kan lọ sí Kútọnu, kí ni àwọn mẹ́ta tó kù ó jẹ? Ta ni yóò ra ìwé fún wọn? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń ní kó dúró, kó lọ kọ́ aṣọ rírán tàbí kó bá ìyá rẹ̀ jókòó lọ́jà, kí arákùnrin rẹ̀ lè máa lọ. Bí ọmọ kan bá yege ní ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí, tí àwọn mẹ́ta sì di aláìmọ̀wé nítorí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ka gbogbo wọn pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣírò, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan tún wà tí a kì í fi owó kà. Àwọn àgbàlagbà láàárín wa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní “signal” nígbà àwọn Faransé: ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a fi nǹkan ìtìjú kọ́ ọ lọ́rùn. Ìtìjú náà kò tíì kúrò lára wa tán. A ń rí ọmọ tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ ńlá dé fún ìsinmi, tí kò lè kí ìyá rẹ̀ àgbà ní ìkúnlẹ̀ tàbí ní ìdọ̀bálẹ̀, tí kò sì lè dáhùn àdúrà tí wọ́n ń gbà lé e lórí. Inú òbí mìíràn a tilẹ̀ máa dùn sí i, wọn a ní ọmọ wọn ti di òyìnbó. Ẹ̀kọ́ tó ń mú ọmọ tijú ilé rẹ̀ ti gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó.

5. Ẹ jẹ́ kí ìtàn wa bá wa sọ̀rọ̀

Ní ọdún 1914 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà ní Ouidah. Ọdún kìíní kọjá, ìkejì kọjá, kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí tó di àlùfáà. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sí. Ní ọdún 1928 ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá: Bàbá Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹ̀jẹ̀ wa. Ọdún 14 gbáko ni láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Bí a bá ti ń fi ìwé ipò wọn ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, ibo ni Ouidah ì bá wà? Ìsàlẹ̀ pátápátá. Bóyá àwọn ọlọ́gbọ́n kan ì bá ti ní kí wọ́n tì í. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ ní sùúrù. Láti Ouidah kan náà ni Bernardin Gantin ti jáde, ẹni tí wọ́n fi joyè àlùfáà ní 1951, tó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Kútọnu ní 1960, tó di Kádínà ní 1977, tó sì ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn Kádínà gbogbo ayé láti 1993 títí di 2002, kí Ọlọ́run tó pè é lọ ní 2008. Ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin rélùwéè ni.

Bàbá Moulero kò sì torí ìwé tó kà tijú Kétu. Ó gbá ìtàn Kétu jọ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tí Bàbá Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1925. Àwọn tó wá kọ ìtàn Kétu lẹ́yìn rẹ̀, inú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bù. Àpẹẹrẹ ọmọ tó kàwé tí ilé kò pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún rántí àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ, tí àwọn àlùfáà àti àwọn ìyá onífọkànsìn fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Títí di ìgbà tí àyípadà dé ní 1990, ìdílé ni ilé-ẹ̀kọ́ tó kù fún ìgbàgbọ́ wa, àti abẹ́ igi tí àwọn olùkọ́ katikísìmù ń pe àwọn ọmọ jọ sí. Kò sí òkìkí kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kò kú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín, ibẹ̀ ni ẹ ti mọ Ọlọ́run.

6. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa

Wàyí o, kí a padà sórí àbá tí wọ́n dá, pé kí a máa yọ àwọn ọmọ tí kò já fáfá, kí orúkọ wa lè gòkè. Lójú wa, kò yẹ kí a ṣe é. A kò sọ èyí nítorí pé a kórìíra iyì. Ìdí rẹ̀ ni pé iyì tí a bá rà báyìí, àwọn ọmọ tí a lé ni yóò san owó rẹ̀.

Olúwa wa sọ ìtàn olùṣọ́-àgùntàn kan nínú Ìhìnrere Lúùkù. Àgùntàn 100 ni tirẹ̀, ọ̀kan sọnù. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ìwé ipò wò ó, 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni olùṣọ́-àgùntàn náà ní lọ́wọ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí irú iye bẹ́ẹ̀ kò ní mú yangàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lè sùn. Ó dìde, ó sì wọ inú igbó lọ nítorí ọ̀kan tí kò sí nínú agbo. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Kristi kò lè ṣe òdì kejì èyí, kí ó lé ọ̀kan jáde kí 99 lè dára lójú.

A kò sì sọ pé kí a fi ọ̀lẹ sílẹ̀ kó máa ṣe bó ti wù ú. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Kí ìbáwí wà, kí iṣẹ́ àṣetiléwá wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tètè gbọ́ nílò olùkọ́ ju ẹni tó tètè gbọ́ lọ.

Nítorí náà, a fi àbá mẹ́ta síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ wa má ṣe lé ọmọ kankan nítorí pé kò já fáfá. Èkejì, kí a mú lára owó Júbílì ra iná sólà sínú gbọ̀ngàn ìjọ, kí a sì ṣí i ní alaalẹ́ fún ẹ̀kọ́ kíkà, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ti yege BAC máa jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ̀kẹta, kí a máa ka èsì wa ní gbangba lẹ́yìn Mísà lọ́dọọdún, kí a má sì ṣe ka iye tó yege nìkan. Kí a máa ka iye tó wọlé, iye tó kúrò àti ìdí tó fi kúrò. Bí ipò wa bá lọ sílẹ̀ nítorí òtítọ́ yìí, kí ó lọ sílẹ̀.

7. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé

Àwọn tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ ṣì wà, a kò sì dá wọn dúró. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rere wà, ti Ìjọ wa náà wà nínú wọn. A kàn bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gba orúkọ gbọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí.

Ọmọ mélòó ló wọ ọdún àkọ́kọ́, mélòó nínú wọn ló sì dé kíláàsì ìkẹyìn? Kí ni ẹ ń ṣe fún ọmọ tó bá fìdí rẹmi? Ọdún mélòó ni àwọn olùkọ́ yín ti ń bá yín ṣiṣẹ́, àbí lọ́dọọdún ni ẹ ń pààrọ̀ wọn? Ta ló ń sùn nítòsí àwọn ọmọ lálẹ́, ta ni ọmọ lè fẹjọ́ sùn bí àgbàlagbà tàbí ọmọ tó jù ú lọ bá fẹ́ ṣe é níbi, ta sì ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ kò bá yá? Ìgbà wo ni òbí lè wá wo ọmọ rẹ̀? Kí ẹ ní kí wọ́n mú yín wo ibi tí wọ́n ń sùn, ibi tí wọ́n ń dáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí ti dá yín lóhùn.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bèèrè ẹ̀kẹfà lọ́wọ́ ara yín: bí a bá san owó yìí, kí ni yóò kù fún àwọn ọmọ yòókù?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nílé, ẹ má ṣe rò pé ẹ ti pàdánù. Ìgbìmọ̀ Fatikan Kejì kọ́ wa ní 1965 pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ ọmọ. Ní ọdún 1966, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ James Coleman ṣe ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà; ó rí i pé ilé tí ọmọ ti wá ní agbára lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun èlò tí ilé-ẹ̀kọ́ ń rà lọ. Lẹ́yìn náà, ní 1987, òun àti Thomas Hoffer kọ̀wé lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì níbẹ̀. Wọ́n ní ohun kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé àwọn òbí mọ ara wọn nínú ìjọ, wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ọmọ ara wọn. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe nínú agbo ilé nìyẹn. Ẹ béèrè ìwé ọmọ yín ní alẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ yóò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Ẹ bu wákàtí kan fún un lára iṣẹ́ ilé. Bí ẹ bá rí ọmọ aládùúgbò lójú títì ní àkókò ẹ̀kọ́, ẹ bi í ní ibi tó ń lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí Fílípì lọ sọ fún Nàtáníẹ́lì pé àwọn ti rí Olùgbàlà, Nàtáníẹ́lì kọ́kọ́ bèèrè bóyá ohun rere kan lè ti Násárẹ́tì wá. Orúkọ ìlú náà ni kò níyì lójú rẹ̀. Fílípì kò bá a jiyàn lórí orúkọ. Ó ní kó wá wò ó. Ohun tí àwa náà ń sọ fún yín nìyẹn. Ẹ lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ wo ọmọ yín, ẹ sì wo àwọn tó kù nílé.

Kí Màríà Wúńdíá àti Jósẹ́fù Mímọ́, tí wọ́n tọ́ Ọmọ Ọlọ́run dàgbà ní ìlú kékeré, tí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ àti àdúrà, bá wa bẹ Olúwa fún àwọn ọmọ wa. Kí èyí tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá má sọnù, kí èyí tó wà lọ́dọ̀ wa má rẹ̀wẹ̀sì. Kí Júbílì tó ń bọ̀ bá gbogbo wọn nínú agbo.